Ohun Tó Wà Nínú Ike Ìpara Ìyá

"Àbí kòkòrò ló jẹ mí lójú mọ́jú ni?"

Ìyá fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ níwájú dígí, ó sì yára mú ọwọ́ kúrò. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó wú díẹ̀, etí imú rẹ̀ sì ti ń bó bí ọ̀dà ògiri.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń de okùn bàtà ilé ìwé lẹ́nu ọ̀nà kò lè gbójú sókè. Ó mọ kòkòrò náà. Òun gan-an ni.

Iṣẹ́ àsíá ni Ìyá ń ṣe níbi tí wọ́n ti ń la ọ̀nà. Bó bá gbé pupa sókè, mọ́tò á dúró. Bó bá gbé àwọ̀ ewé, wọ́n á kọjá. Láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ ló ń dúró sínú oòrùn, oòrùn náà sì ti fi ojú rẹ̀ ṣe ohun tó wù ú. Ojú ọ̀hún ti ṣú, ó ti hun jọ, ó sì ti lábààwọ́n. Nígbà tó wá sí ìpàdé òbí kẹ́yìn, ọmọ kíláàsì kan béèrè pé, "Ṣé ìyá-ìyá ẹ nìyẹn?" Ọmọ Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìpàdé mìíràn ti ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tí àǹtí rẹ̀ ń ta ohun ìṣaralóge, bá a mú ìpara wá. "Ásíìdì wà nínú ẹ̀ o," ni ọ̀rẹ́ náà wí. "Awọ tó ti gbó ló ń bó, kí tuntun lè yọ. Alẹ́ ni wọ́n ń fi pa ojú, díẹ̀ báyìí. Wọn kì í fi rìn nínú oòrùn." Awọ tuntun nìkan ló wọ ọmọ yìí létí. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbé e fún Ìyá, Ìyá á béèrè ìdí. Ní alẹ́ ìjẹta, ó dà á sínú ike ìpara tí Ìyá ń lò láràárọ̀, ó sì fi ìdí ṣíbí rò ó pọ̀.

"Màámi, ẹ má lọ síbi iṣẹ́ lónìí."

"Ta ló máa bá mi gbé àsíá? Ìwọ?" Ìyá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà dùn ún. "Ara mi ló gbẹ. Ìpara ló ń fẹ́."

Ó ṣí ike, ó bù ú, kì í ṣe díẹ̀. Ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ okùn bàtà rẹ̀, ó ń tún un de. Bí òun bá sọ ọ́, Ìyá á bi òun léèrè ìdí, ìdí náà ló sì ń bà á lẹ́rù jù.

"Yéè!" Ìyá di ojú, ó ń fẹ́ ara rẹ̀ ní abẹ̀bẹ̀.

Àbúrò ọmọ náà kékeré, tí kò tíì tó ilé ìwé lọ, sáré wọlé. "Màámi, ó ku èmi!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láràárọ̀, bí Ìyá bá para tán, á fi pa ọmọ kékeré náà; àná nìkan ni oorun kò jẹ́ kó bá a níbẹ̀.

"Wá, arẹwà mi. Gbójú sókè."

Ìka tó ní ìpara lórí ń lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ.

"Ẹ má fi pa á!"

Ẹ̀gbọ́n fò mọ́ ọwọ́ Ìyá, ike já bọ́. Ìgbà náà ló jẹ́wọ́ ohun tó dà sínú ìpara.

Wọ́n bu omi fọ ojú Ìyá títí, wọ́n sì gba ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lọ. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó mi orí. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìpara yìí wúlò fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ṣùgbọ́n ẹni tó fi pa ojú láàárọ̀, tó tún lọ yá oòrùn, ó ti fẹ́ jóná. Ẹ má lò ó mọ́, ẹ bo ojú yín. Ó máa jinná. Àpá ni mi ò lè ṣèlérí nípa ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń padà sílé, ọmọbìnrin náà ń retí ìgbátí. Ìyá kò gbé ọwọ́ sókè.

"Kí ló ṣe ojú mi tẹ́lẹ̀?"

Ìbéèrè náà dùn ún ju ìgbátí lọ. Ó sunkún, ó sọ ti ìpàdé, ó sọ ti "bẹ́ẹ̀ ni" tó fi dá ọmọ kíláàsì lóhùn.

Ìyá dúró lójú ọ̀nà, ó wò ó. "Oòrùn tó jó ojú yìí ló ń rán ẹ lọ sílé ìwé. Ojú ò tì mí. Ìwọ ni ojú ń tì."

"Ẹ foríjì mí, Màámi."

"Mo gbọ́. Àmọ́ ká ní àbúrò ẹ ò wọlé ńkọ́? Ṣé wàá jẹ́ kí n máa fi para lọ ni?"



Ìyá wá sí ìpàdé náà, ojú rẹ̀ ní pupa níhìn-ín, dúdú lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Ọmọ rẹ̀ dìde.

"Ìyá mi nìyẹn."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ohun tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lò dán ara wò, ẹ má sì fi sí ara ẹlòmíràn láìsọ fún un. Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ tètè sọ, kí ó tó kan ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.