Kẹ̀kẹ́ Ìrajà Ìyá Ìbejì

Nígbà tí Ìyá Ìbejì dé ilé iṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, àgádágodo ti di méjì nílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ìrajà tó fọdún mẹ́ta ṣe, èyí tí rìmóòtù ń darí, tó sì ń fẹnu ara rẹ̀ pe iye ọjà, ti dàwátì. Ọjọ́ náà gan-an ni ọ̀gá súpámákẹ́ẹ̀tì fẹ́ wò ó kó tó gbéṣẹ́ fún un.

"Ẹlẹ́nu-Oyin ni," ló wí fún ọkọ rẹ̀. Alájọṣiṣẹ́ Ìyá Ìbejì tẹ́lẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni náà. Ẹnu ẹ̀ dùn, ọwọ́ ẹ̀ ò mọ́. "Ó mọ̀ pé òní ni. Súpámákẹ́ẹ̀tì ló gbé e lọ."

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ takisí, ṣáná sí mọ́tò. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ìbejì, ṣé kò sí?"

"Wáyà ọ̀tún ni mo ṣèèṣì so mọ́ òsì lánàá. Tó bá tẹ ọ̀tún, òsì ló máa yà."

Ọkọ rẹ̀ fi kún eré.

Wọ́n bá Ẹlẹ́nu-Oyin nínú kóòtù àti táì, tí agolo tòmátì tó wó lulẹ̀ yí i ká. Ó tẹ ọ̀tún, kẹ̀kẹ́ yà sósì, ó forí sọ páálí ọṣẹ.

"Ilẹ̀ yín ló dagẹ̀rẹ́, mà," ló ń wí fún ọ̀gá, ìyá àgbà kan tó ń fọ̀pá rìn.

"Irọ́ ni, mà," ni Ìyá Ìbejì wí. "Ẹ gba rìmóòtù yẹn fún mi. Tí kẹ̀kẹ́ yìí bá kan nǹkan kan, kí ẹ gbé iṣẹ́ fún un."

"Ta ni ìwọ?"

"Èmi ni mo bí i. Ìyá ọmọ ló mọ àìsàn ọmọ."

Ó tẹ òsì, ó tẹ ọ̀tún. Kẹ̀kẹ́ ń rọra kọjá láàárín àwọn agolo bí ìyàwó tuntun.

Ẹlẹ́nu-Oyin rí i pé àṣírí ti tú, ló bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó bọ́ mọ́ ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́, ó kù díẹ̀ kó dẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ìbejì tẹ rìmóòtù, kẹ̀kẹ́ sáré tẹ̀lé e, ó gbá a lẹ́yìn orúnkún, ọ̀gbẹ́ni bá fìdí jókòó sínú ẹ̀ gbì, ó há síbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni kẹ̀kẹ́ wí, "ọjà yìí ò níye lórí."

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá Ìbejì darí ẹrù rẹ̀ padà síwájú ọ̀gá, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wáyà fún un. Ọkọ rẹ̀ ti pe ọlọ́pàá.

"Ta ló já àgádágodo?" ni ọlọ́pàá bi Ẹlẹ́nu-Oyin nígbà tó dé.

"Èmi ni."

"Ta ló ṣe kẹ̀kẹ́?"

"Òun ni. Ẹ ṣáà fà mí yọ."

Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ ná.

Ìyá àgbà fi ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó gba rìmóòtù. "Ó pé ọdún mẹ́rin tí mi ò lè ti kẹ̀kẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi. Tún wáyà yẹn ṣe, kí o ṣe ogún sí i fún mi."

Ìyá Ìbejì fẹ́ dúpẹ́, ẹkún ayọ̀ ò jẹ́.

"Ẹ ṣeun, mà." Ọkọ rẹ̀ ló bá a sọ ọ́.