Ẹ Rọra Wà Á, Bàbá

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọkọ mi, ojú mi dúdú bí ìdí ìkòkò. Bàbá mi, bíríkìlà tí kò mọ̀ ju eré lọ lórí alùpùpù, ló ní kí n wa nǹkan náà lọ fún àtúnṣe. Ó ń mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí. Ibi tí mo bá ti dúró, èéfín rẹ̀ á bò mí, títí tó fi kú pátápátá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Ọkùnrin tó jáde wá tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìdáná. Wọ̀ntúnwọ̀n ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ohun tí kì í wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, títí kan iyọ̀ inú ẹyin tó fẹ́ jẹ. Ó tú orí ẹ́ńjìnì, ó ti ìka bọ sílíńdà, ihò tí irin tí wọ́n ń pè ní písítìnì ń gbà lọ sókè sódò.

"Ó ti jẹ, ọmọge. Ihò yìí ti fẹ̀ ju písítìnì lọ, ọ́ìlì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ́ wọlé. A máa gbẹ́ ẹ kó dán, ká wá fi písítìnì tó sanra jù ú lọ sí i. Ofasáìsì là ń pè é."

"Tó sanra bíi tèmi?"

Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà yẹn, tí mo bá wọlé tán, ìdí mi ṣì wà níta.

"Màá kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n ná," ló wí.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Bí ìfẹ́ ṣe mú mi nìyẹn.

Kì í gbẹ́ sílíńdà láìrí písítìnì tuntun lọ́wọ́, písítìnì ọ̀hún sì pẹ́ kó tó dé. Ojoojúmọ́ ni mò ń lọ bèèrè. Kí písítìnì tó dé, nǹkan mìíràn ti dé sí mi níkùn.

Mi ò tíì sọ ti oyún, mo kàn ní Wọ̀ntúnwọ̀n ni mo fẹ́ fẹ́, bàbá mi fárígá. "Ta ni bàbá rẹ̀? Ta ni ìyá rẹ̀? Inú ṣọ́ọ̀bù ló dàgbà sí bí ajá. Ọmọ mi ò ní fẹ́ ẹni tí kò ní ará."

Ìyá mi ní, "Olówó orí mi, ẹ fara balẹ̀." Ta ló ń gbọ́?

Ọjọ́ tí písítìnì dé, bàbá mi tẹ̀ lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. "Lọ́la mò ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn òkè. Bí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ bá gbé mi lọ, tó gbé mi bọ̀, wá fẹ́ ọmọ mi. Bó bá kú sọ́nà, kí n má rí ọ ní sàkáání ilé mi mọ́ láéláé."

"Mo gbà, bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ rọra wà á. Písítìnì tuntun àti sílíńdà tuntun ní láti mọ ara wọn ná. Tó bá gbóná jù, písítìnì á wú, á sì há."

"Ìwọ ló máa kọ́ mi ní alùpùpù wíwà?" Ó bínú jáde.

Mo di ọwọ́ ọkọ mi mú. "Àyànfẹ́, bàbá mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ rọra. Gbẹ́ ẹ kó fẹ̀ díẹ̀ sí i, kí písítìnì ráyè wú."

"Á máa lu kọ̀-kọ̀-kọ̀ bí agolo. Aráyé á ní Wọ̀ntúnwọ̀n ò mọṣẹ́ mọ́."

"Kó máa lù! Mo ti lóyún."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí sílíńdà. Mo rò pé ó ti gbọ́ tèmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi tẹ alùpùpù náà. Mo ń retí kọ̀-kọ̀-kọ̀. Ó dún wùùù, jẹ́jẹ́, bí oyin. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ki eré mọ́lẹ̀, eruku gbé e lọ.

Mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú gbogbo ẹrù ara mi.

"O gbẹ́ ẹ kó fún!"

"Ọwọ́ mi ló kọ̀, olólùfẹ́. Mo gbìyànjú, ọwọ́ mi kọ̀. N ò ṣe jákujàku rí láyé mi."

"Bó bá há lórí eré ńkọ́?"

"Táyà ẹ̀yìn á dúró gbọnin. Á jù wọ́n nù."

"O ti pa bàbá mi! O fi orúkọ iṣẹ́ rẹ pa bàbá mi!"

A fò sórí alùpùpù oníbàárà kan, a lé e. Gbogbo ọ̀nà ni mo ń sunkún sí i lẹ́yìn, ikun imú mi ń ba aṣọ rẹ̀ jẹ́.

Ẹsẹ̀ òkè la ti rí i. Alùpùpù wà nínú kòtò. Bàbá mi nà gbalaja, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́ níbi tí Ọlọ́run ò fi oríkèé sí. Mo wó lé e.

"Bàbá mi, ẹ má kú! Ọmọ wà nínú mi, ẹ má kú!"

Ó lajú. "Kí ló wà níbo?" Ó kérora. "Kọ́kọ́ dìde lórí mi ná, kí o má pa mí tán."

Wọ̀ntúnwọ̀n dọ̀bálẹ̀ sínú eruku. "Bàbá, èmi ni mo jẹ̀bi. Mo mọ bí ẹ ṣe ń wà á, mo sì gbẹ́ ẹ fún ẹni tó ń rọra. Mo ti pàdánù. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín délé, ẹ ò ní rí mi mọ́." Ó wò mí. "Ó dàbọ̀, ìfẹ́ mi."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹkún inú ọkàn ni mo sun lọ́jọ́ náà. Ohùn ò jáde lẹ́nu mi, èmi tí wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rín mi láti òpópónà kejì.

Bàbá mi gbé orí sókè, ó wo Wọ̀ntúnwọ̀n.

"Mo gbọ́ ọ," ló wí. "Mo gbọ́ tí ẹ́ńjìnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í kérora. Mo lè dẹwọ́. Mo tún ki eré sí i ni. Mo fẹ́ kó kú."

"Kí ló dé, bàbá?" ni mo bi í.

"Ìwọ nìkan ló ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn."

Ó nu ojú rẹ̀, ó ní eruku ni. Ó wá yíjú sí Wọ̀ntúnwọ̀n. "Ìwọ tí o ò ní bàbá, kí lò ń wò? Pọ̀n mí. Má sáré o. Rọra."

Sílíńdà náà ti họ nínú yánnayànna. Ọkọ mi tún un gbẹ́, ó fi písítìnì tó tún sanra ju ìyẹn lọ sí i. Nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá mi jinná díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló fi alùpùpù náà gbé mi lọ sílé ọkọ, ikùn mi níwájú, ìdí mi lẹ́yìn. Ó ń rìn bí ìgbín. Adìẹ ń kọjá wa.

"Bàbá, ṣé epo ti tán ni?" Àwọn ará àdúgbò ń yọ ṣùtì.

Bàbá mi ò wẹ̀yìn. "Ẹ yà fún wa," ló wí. "Wọ́n ṣì ń mọ ara wọn ni."