Ooru Inú Yàrá Òtútù

Nọ́ńbà kan kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ dọ́gba láàárọ̀ ọjọ́ náà. Atọpinpin jókòó síwájú kọ̀ǹpútà nílé tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé pamọ́ sí, ó tẹjú mọ́ ìjábọ̀ tó ń kọ. Gbogbo yàrá òtútù ló tutù bó ṣe yẹ, àfi èyí tó wà nípẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fọ́múlà tó ń bá a ṣírò ooru wọn lórí kọ̀ǹpútà ní ibẹ̀ gbóná bí ara èèyàn.

"Irọ́ ni," ló wí.

Wọn kò kúkú sọ ọ́ ní Atọpinpin lásán. Bí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú, àfi kó tú u dé gbòǹgbò. Ó wò ó bóyá fọ́múlà ń ka ìlà tí kò kàn án. Rárá. Ó wá àlàfo tó lè fara pamọ́ sẹ́yìn nọ́ńbà. Kò sí. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó tún un kọ. Ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀.

Ọ̀gá yọjú. "Ṣé ká da abẹ́rẹ́ yẹn nù ni? Ọkọ̀ tó fẹ́ kó o ti dé o."

"Ẹ ní sùúrù, sà. Ẹ jẹ́ kí n fojú ara mi rí i."

Ó pe Baba Onífíríìjì, àgbàlagbà tó ń tún ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣe.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" ni Baba bi í.

"Lánàá, bí mo ṣe pààrọ̀ bátìrì ẹ̀rọ tó ń ka ooru yàrá náà tán tí mo jáde."

Wọ́n wọlé. Baba fọwọ́ kan àwọn páálí. "Wọ́n tutù dáadáa. Abẹ́rẹ́ ò bàjẹ́."

Atọpinpin ń na tẹmọ́mítà tó fi ń wọn ooru káàkiri. Nígbà tó dé kọ̀rọ̀, nọ́ńbà fò sókè. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, síbẹ̀ atẹ́gùn ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà téèyàn dúró tini.

Ó ń wù ú kó mọ ìdí rẹ̀. "Bóyá ẹ̀rọ yìí ló ń ṣe ségesège. Baba, ẹ bá mi dì í mú."

Ẹ̀rọ náà ka ooru ara Baba pé pérépéré. Atọpinpin náà wá dì í mú. Nọ́ńbà já wálẹ̀, ó bá ti yàrá náà dọ́gba.

Baba ń wo ẹnu rẹ̀. "Àbúrò," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "èémí mi ń rú bí èéfín. Kí ló dé tí tìẹ ò rú?"

Baba ń fẹ̀yìn rìn títí ó fi jáde. Atọpinpin tẹ̀ lé e. Ilẹ̀kùn pa dé gbàà. Ni ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a láti inú.

"Baba Onífíríìjì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi! Àtàná ni mo ti ń pè yín!"

Atọpinpin mọ ohùn náà. Ohùn tirẹ̀ ni.

Baba wo ilẹ̀kùn, ó wo ẹni tó dúró tì í. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ lápò.

"Ẹ ṣí i," ni Atọpinpin wí. "Mo fẹ́ rí i."