Ẹlẹ́rìí fún Áyọ́ọ̀nù Keje

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ́. Ẹni tó bá wù kó pè é ní irọ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn ṣì wà láàyè, àga tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí.

Keje ni gbogbo ènìyàn ń pe obìnrin náà. Ilé ìfọṣọ tó ti ṣiṣẹ́ nígbà ọ̀dọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo áyọ́ọ̀nù ibẹ̀ ló ní nọ́ńbà, nọ́ńbà áyọ́ọ̀nù rẹ ni wọn yóò sì fi máa pè ọ́ títí orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọ́ yóò fi di ìgbàgbé. Ọ̀gá wọn nìkan ni kò ní nọ́ńbà. Màmá Ṣìì ni wọ́n ń pè é, nítorí láràárọ̀ ni yóò ti ìka bọ omi, tí yóò fi kan áyọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan wò. Ṣìì. Èyí tí kò bá dún, aṣọ ẹnikẹ́ni kò ní kàn án lọ́jọ́ yẹn.

Màmá Ṣìì kì í yin ènìyàn. Tí iṣẹ́ rẹ bá dáa, ohun tí yóò sọ kò ju èyí lọ: "Mo rí ọ. Bí wọ́n bá bi mí, n ó sọ."

Ó ti kú tipẹ́. Keje wà níbi ìsìnkú rẹ̀.

Nísinsìnyí, hòtẹ́ẹ̀lì kan ni Keje ti ń lọ aṣọ. Wọ́n ní iṣẹ́ kì í pani. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì lọ aṣọ ibùsùn hòtẹ́ẹ̀lì rí. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti wú, ó fẹ́ fẹ̀yìntì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin bá a gba àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, wọ́n jọ tẹjú mọ́ ọn.

"Màmá, àwọn ọdún tẹ́ ẹ lò nílé ìfọṣọ ò sí níbí."

"Báwo ni ò ṣe ní sí? Ṣebí oṣooṣù ni wọ́n ń yọ ọ́."

"Láìsí wọn, ọdún yín ò pé. Wọ́n á kó owó díẹ̀ fún yín lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn. Kò ní sí ti oṣooṣù."

 Keje ronú nípa ọwọ́ rẹ̀, àti iye ọdún tí yóò tún fi dúró nídìí áyọ́ọ̀nù. Ẹ̀rù bà á gidigidi.

Akọ̀wé tí wọ́n bá ní ọ́fíìsì jẹ́ onísùúrù. Orí rẹ̀ ni dígí ojú rẹ̀ máa ń wà nígbà tó bá ń wá a kiri.

"Owó yín ò sọ nù, Màmá," ó ní. "Wọ́n san án. Àmọ́ ẹni tó ń ṣètò owó oṣù níbẹ̀ ò kọ orúkọ ẹnì kankan. Áyọ́ọ̀nù Kìíní, Áyọ́ọ̀nù Kejì, bó ṣe kọ gbogbo yín nìyẹn."

"Èmi ni Keje."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè wọlé kó ní òun ni Keje. Ẹ mú ẹni tó rí yín níbẹ̀ wá."

"Àwọn yòókù ti fọ́n ká, mi ò mọ ibi tí wọ́n wà. Ọ̀gá wa sì ti di ará ọ̀run."

"Ẹnì kan péré, Màmá."

Ó wá ẹnì kan náà títí, kò rí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó padà lọ bẹ akọ̀wé. Òun àti ọmọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n kọjú sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn mìíràn. Iná lọ. Fáànù rọra dúró. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Ṣìì.

Nínú yàrá akọ̀wé ló ti wá. Òórùn sítáàṣì gbígbóná gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Keje wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti ń fọwọ́ bomú.

Akọ̀wé ṣílẹ̀kùn. "Ẹ wọlé, Màmá. Ẹ ṣé tẹ́ ẹ rán ẹlẹ́rìí yín ṣáájú."

"Ẹlẹ́rìí wo?"

"Màmá àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ ò pàdé ni?"

Wọn ò pàdé ẹnì kankan.

"Kí ló sọ?" ni Keje béèrè.

"Kò sọ púpọ̀. Ó ní ọwọ́ òsì ni Keje fi ń lọ aṣọ, pé áyọ́ọ̀nù jó o ní ìgúnpá ọ̀tún. Mo ní kó tẹ̀ka. Kò dúró gba tàdáwà. Ó fi ahọ́n kan ìka, ó tẹ̀ ẹ́ síwèé."

Keje ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Àpá náà wà níbẹ̀. Ó wo ìwé orí tábìlì. Àmì ìka náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù pẹ́ lórí rẹ̀. Orúkọ wà lábẹ́ rẹ̀: Màmá Ṣìì.

"Obìnrin yẹn ti kú," ni Keje wí.

 Akọ̀wé wá dígí ojú rẹ̀ títí, kò rí i.

"Màmá," ó wí níkẹyìn, "ohun tí wọ́n ní kí n béèrè ni bóyá ó rí yín. Ó rí yín."

Nígbà tí iná dé, ó kó àwọn ọdún náà wọlé. Iye tí Keje yóò máa gbà lóṣooṣù yọ sójú kọ̀ǹpútà. Kò pọ̀, àmọ́ ó tó. Keje sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín.

"Ta ni yóò wá máa lọ aṣọ mi?" ni ọmọ rẹ̀ wí.

"Lọ ra èyí tí kì í rún."

Àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nínú yàrá náà. Keje kò rí i nígbà tó kọ́kọ́ wá. Ó fọwọ́ kàn án. Ó gbóná.

"Òun ló ní kí n gbé e síbẹ̀," ni akọ̀wé wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ó ní àwọn áyọ́ọ̀nù tó kù ń bọ̀."

Bí wọ́n ṣe fẹ́ jáde, obìnrin kan wọlé láti inú òjò, ó ń tiro, ó di àkọsílẹ̀ tirẹ̀ mú. Ó wo Keje títí.

"Keje? Èmi ni, Kẹwàá. Wọ́n ní ọdún mi ò pé."

"Á pé." Keje dì mọ́ ọn, omi òjò sì rin aṣọ àwọn méjèèjì. "Jókòó. Má jókòó sórí àga yẹn o. Ẹnì kan wà níbẹ̀."

Kẹwàá wo àga náà. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Àga náà dún díẹ̀, bí ìgbà tí ẹni tó jókòó bá ń dìde.