Gbọ́láhàn Tó Wà Nínú Etí Mi

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa. Ìwọ tí o dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọlé kí o ti ilẹ̀kùn, òtútù ń fẹ́ wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ fóònù, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ, etí yín ni mo fẹ́.

Ní pálọ̀ yìí gan-an, ní Hillcrest Heights níbí ní Amẹ́ríkà, ni Ọmọ́kẹ́mi ọmọ ọmọ mi jókòó sí láàárọ̀ ọjọ́ kan níwájú kọ̀ǹpútà. Ó wọ kóòtù dúdú bí agbẹjọ́rò lókè, ó wọ ṣòkòtò àwọ̀sùn tó ní àwòrán pẹ́pẹ́yẹ nísàlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn èèyàn fi owó dókòwò fẹ́ gba ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì, kí wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́, kí wọ́n sì máa sanwó fún un. Ọmọ́kẹ́mi fẹ́ iṣẹ́ náà lójú méjèèjì, nítorí bàbá rẹ̀ ti sọ pé bí kò bá rí i gbà, ìlú Brandywine ni yóò lọ, kí ó lọ máa bá Àǹtí Tẹjúmọ́lá tọ́jú àwọn ìbẹta rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn sì ń gé èèyàn jẹ.

Wọ́n ti ní kí ó lọ kọ́ àwọn nǹkan ìpìlẹ̀: kí ni ṣíà, kí ni bọ́ǹdì, kí ló ń mú kí ọjà wọ́n. Ó fi gbogbo àkókò náà wo fíìmù. Nígbà tí ọjọ́ íńtáfíù kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sáré lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ Gbọ́láhàn, ọmọ yunifásítì tó ń gbé ní New Carrollton.

Gbọ́láhàn ní, “Ṣé ìyẹn lo ń sunkún sí? Ki íàpíìsì fóònù rẹ bọ etí, kí o fi irun bò ó. Bí wọ́n bá ti bi ẹ́ ní ìbéèrè, màá sọ ìdáhùn sí ẹ létí láti ilé mi.”

“Ṣé kì í ṣe irọ́ nìyẹn?”

“Irọ́ wo? Ìrànlọ́wọ́ ni.”

Báyìí ni wọ́n ṣe é. Kọ̀ǹpútà tàn, bàbá kan yọjú, orí rẹ̀ funfun báláú. Ó ní Ọládẹ̀jọ ni orúkọ òun. Ọmọ tí mo tọ́ ni Ọmọ́kẹ́mi. Kí ó tó rántí pé íńtáfíù ló ń ṣe, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ sà.”

Bàbá ò rí nǹkan kan mọ́ àfi àga. Ó ní, “Ọmọ, ibo lo wọlẹ̀ sí?”

“Mo wà nílẹ̀ níbí, sà. Mò ń kí yín ni.”

Bó ṣe kúnlẹ̀ yẹn ni íàpíìsì yọ létí rẹ̀, ó yí gbirigbiri wá sí ẹsẹ̀ mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn rẹ̀. Èmi rèé, láti ìjẹta ni mo ti ń wá ẹ̀rọ tí dókítà fún mi pé kí n máa fi gbọ́ràn. Mo ṣà á nílẹ̀, mo rò pé tèmi ni, mo nù ún, mo kì í bọ etí. Kíá, ẹnìkan bẹ̀rẹ̀ sí í da òyìnbó sí mi létí. Òyìnbó náà ò yé mi, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn náà. Ọmọ tó ń wá jẹ mọ́ínmọ́ín mi ní Sátidé ni.

Mo ní, “Gbọ́láhàn, kí lò ń wá nínú etí mi?”

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé sì ni òun náà. Ó ní, “Ẹ káàárọ̀ mà.”

“Káàárọ̀ ọkọ mi. Ṣé o ti jẹun?”

Bàbá inú kọ̀ǹpútà wò mí, ó wo Ọmọ́kẹ́mi tó ti dìde tòun ti pẹ́pẹ́yẹ ara ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní, “Ta ni Gbọ́láhàn?”

Ọmọ́kẹ́mi kọjú sí mi. Mo rí i pé ó fẹ́ sọ pé arúgbó yìí ń ṣe rán-ùn rán-ùn. Níkẹyìn ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi ni, sà. Òun ló fẹ́ máa sọ ìdáhùn fún mi. Mi ò kàwé rárá.”

Bàbá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, ó ní, “Tòní ti bọ́, mi ò lè gbà ọ́. Ṣùgbọ́n a ó tún pe àwọn mìíràn lóṣù tó ń bọ̀. Kó o tó wá, ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún màmá yìí. Bí kò bá yé wọn, dúró sílé. Màmá, ẹ má ṣe gbè é lẹ́yìn o.”

Mo ní, “Èmi kẹ̀? Wọ́n ò bí mi dáa tó láti gba ohun tí kò yé mi.”

Bàbá Ọmọ́kẹ́mi mú un lọ Brandywine lóòótọ́. Lójoojúmọ́ ló ń fi àmì eyín lápá wálé, tí á jókòó tì mí.

“Màmá Àgbà, bí ẹ bá ra ṣíà, ẹ ti ní apá kan nínú ilé-iṣẹ́ nìyẹn.”

“Apá ibo? Ṣé ibi tí kíṣìnì wà?”

“Rárá mà. Bó bá jèrè, wọ́n lè pín fún yín.”

“Bó bá wó ńkọ́?”

“Owó yín bá a lọ.”

“Mi ò rà á mọ́.”

Ó tún padà lọ kàwé. Ó dé pẹ̀lú àlàyé pé èèyàn a máa ra oríṣiríṣi, kí gbogbo rẹ̀ má baà bàjẹ́ papọ̀. Èyí yé mi, mo sì fi kọrin:

Ṣíà ni mo rà, mo nípìn-ín níbẹ̀,
Bó bá jèrè, a jọ jẹ ẹ́,
Bó bá wọlẹ̀, a jọ gbé e.
Bọ́ǹdì ni mo rà, mo yá wọn lówó,
Kí wọ́n san èlé, kí wọ́n dá tèmi padà.

Mo kọ ọ́ ní bálùwẹ̀, mo kọ ọ́ níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Pásítọ̀ ní kí n má kọ ọ́ nínú ìsìn mọ́.

Nígbà tí oṣù yí po, Ọmọ́kẹ́mi tún jókòó síwájú Bàbá Ọládẹ̀jọ, etí rẹ̀ ṣófo. Ó ṣàlàyé bó ṣe ń ṣàlàyé fún mi, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Bàbá wá bi í ní ohun kan tí kò mọ̀.

Ó ní, “Ìyẹn ò tíì yé mi, sà. Màá lọ kà á.”

Bàbá ní, “Èyí gan-an ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹni tó bá lè sọ bẹ́ẹ̀ ni a lè fi owó olówó lé lọ́wọ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni kó o bẹ̀rẹ̀.”

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí: ẹ kàwé yín fúnra yín. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì lọ kọ́ ọ.

Bí mo ṣe bá àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa sọ̀rọ̀ tán báyìí, mo ṣí ìkòkò ìrẹsì, mo bu ẹja díndín lé e lórí fún oníkálùkù. Wọ́n jẹ, wọ́n tún tọrọ, mo sì di ti àwọn ará ilé wọn sínú ike. Orin bọ́ǹdì ni wọ́n ń kọ bọ́ sínú ọkọ̀, tí wọ́n sì gba ilé lọ pẹ̀lú ikùn kíkún àti inú dídùn.