Ẹ Rọra, Ẹ̀rọ Ọmọ́ládé Ń Kọ̀wé

Àárọ̀ Sátidé ni. Ọmọ́ládé jí. Kò tíì bọ́jú, kò tíì rún orín, ó ti sáré lọ wo ẹ̀rọ rẹ̀ ní pálọ̀.

Òun àti Dádì ló ṣe é. Tíṣà ni Dádì ní Ọ̀fà, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbé jẹ́ẹ́.

Wọ́n fi okùn gbé òkúta ńlá kọ́. Wọ́n de pẹ́ńsùlù mọ́ òkúta náà. Wọ́n wé ìwé mọ́ agolo mílíìkì. Aago Dádì ló ń yí agolo náà, díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, pẹ́ńsùlù á fa ìlà gbọọrọ. Bí ilẹ̀ bá mì, ìlà á rí págunpàgun.

Ṣùgbọ́n aago ọ̀hún ti ń dá wàhálà sílẹ̀.

"Ọmọ́ládé, ọ̀sẹ̀ méjì rèé," ni Dádì wí. "Oòrùn ni mò ń wò kí n tó lọ síléèwé. Bí ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ bá ti kọjá, jẹ́ kí n rí ìlà kan tó gún títí di ọ̀sán. Bí mi ò bá rí i, mo ń mú aago mi."

Bí kò bá sí aago, kò sí ẹ̀rọ nìyẹn. Dádì gun kẹ̀kẹ́, ó lọ sí Ìjàgbò.

Fàkàfìkì, fàkàfìkì. Ọkọ̀ ojú irin kọjá. Ìlà rí págunpàgun. Kò burú.

Ọmọ́ládé wé ìwé tuntun. Gbọọrọ, gbọọrọ.

Gbì, gbì, gbì. Kí nìyẹn? Mọ́mì ń gún èlùbọ́.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, odó yín ń ba ìlà mi jẹ́."

"Ṣé ìlà la máa fi ro àmàlà?" ni Mọ́mì dáhùn. Ó kùn, ó kùn, ó sì yí odó lọ sẹ́yìnkùlé.

Ọmọ́ládé wé ìwé tuntun. Gbọọrọ, gbọọrọ.

Gbìì. Kí tún ni?

Ìyá Àgbà ni wọ́n wá kí. Ìyá Dádì ni. Pálọ̀ ló máa ń jókòó sí ní Sátidé, gbogbo agboolé ló sì máa ń wá kí i.

Tàjùdéèn ló dọ̀bálẹ̀, gbìì. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Olúwa á..."

Tàjùdéèn ti lọ.

Ọmọ́ládé wé ìwé tuntun. Gbọọrọ, gbọọrọ.

Gbà. Safiyat ló kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Olúwa á..."

Safiyat ti lọ.

Ìwé tuntun. Gbìì. Ìwé tuntun. Gbà. Ìwé ti ń tán lọ. Ó sú Ọmọ́ládé. Ó sú u tó bẹ́ẹ̀ tó fi lọ na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà.

"Kò sí ìkíni lónìí," ló wí. "Ẹ máa lọ."

Ìyá Àgbà wúkọ́. "Ta ló ní kí wọ́n má kí mi nínú ilé ọmọ mi?"

Háà. Ojú ti Ọmọ́ládé. Ó ti rẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú. Ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀, jẹ́jẹ́. Ó fi èkejì kúnlẹ̀, jẹ́jẹ́.

"Ẹ má bínú, mà."

Ó yọjú wo pẹ́ńsùlù. Gbọọrọ.

Pẹ́ńsùlù kò mì rárá. Kì í ṣe kíkí ló ń bà á jẹ́. Ìwàǹwára wọn ni.

Ọmọ́ládé wé ìwé tó kù. Ẹyọ kan péré ni. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ rọra kí wọn o. Ẹ rọra lọ sílẹ̀. Ẹ rọra dìde."

Ràfátù rọra kúnlẹ̀, jẹ́jẹ́. Ọdẹ́dìran rọra dọ̀bálẹ̀, jẹ́jẹ́. Ìyá Àgbà ṣàdúrà fún wọn. Ó sì parí rẹ̀.

Gbọọrọ, gbọọrọ, gbọọrọ.

Ọ̀sán pọ́n. Dádì dé, ó na ọwọ́. "Aago mi dà? Ẹ kúulé o, mà."

Lórí ìdúró ló ti kí ìyá rẹ̀.

"Dádì, ẹ dọ̀bálẹ̀, sà," ni Ọmọ́ládé wí. "Ẹ sì rọra."

Dádì mí kanlẹ̀. Ó ti rẹ òun náà, ebi sì ń pa á. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ tẹlẹ̀, jẹ́jẹ́. Ó fi àyà kanlẹ̀, jẹ́jẹ́.

"Adétóyè, Àjàní ọmọ mi," ni Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀. Ó ṣàdúrà fún ọ̀nà Ìjàgbò. Ó ṣàdúrà fún kẹ̀kẹ́. Ó ṣàdúrà fún orí tí kì í sinmi. Àdúrà náà gùn. Dádì kò dìde.

Nígbà tó dìde, jẹ́jẹ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ wo ìwé.

"Ibo lo kọ mí sí?"

Ọmọ́ládé nàka sí i. Gbọọrọ ni.

"Ó ti pẹ́ tí ọmọ yìí ti dúró gbọ́ àdúrà mi parí," ni Ìyá Àgbà wí. Ó ń fi etí ìró nu ojú.

Dádì wo aago. Dádì wo ìyá rẹ̀.

"Jẹ́ kí aago wà níbẹ̀, Ọmọ́ládé," ló wí. "Mo ṣì ń bọ̀ wá kí wọn lọ́la."