Ìlà Tí Orúkọ Ramatou Wà

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ lọ bi Agnès tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Savè. Ó jókòó tì mí nígbà tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, kì í ṣe òru.

Landry ni orúkọ mi, ọmọ Sakété ni mí. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kajú kan ló gbà mí sí Savè láti máa tọ́jú kọ̀ǹpútà wọn. Mo ṣe ètò kan fún wọn tó ń ránṣẹ́ sí fóònù àwọn àgbẹ̀ bí iná bá ń jó igbó bọ̀. Nígbà ọyẹ́, iná a máa pa ènìyàn lóko.

Nígbà tí wọ́n fi 01 síwájú gbogbo nọ́ńbà fóònù ní Benin, ó di dandan kí n tún tiwa ṣe. Ìlà mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà nínú kóòdù ètò náà, ìlà kan fún àgbẹ̀ kan: orúkọ níwájú, nọ́ńbà lẹ́yìn. N kò fẹ́ máa mú wọn níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá tín-ín-rín kan wà lójú kọ̀ǹpútà tó ń ṣẹ́jú níbi tí ọ̀rọ̀ yóò bọ́ sí. A lè fi irú rẹ̀ sórí gbogbo ìlà pọ̀. Ohun tí a bá tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn ni yóò gbà á.

Mo to àwọn ọ̀pá náà síwájú àwọn nọ́ńbà. Gbogbo wọn ń ṣẹ́jú pọ̀. Mo tẹ òdo. Mo tẹ ọ̀kan.

Gbogbo ìlà gbà á, àfi ẹyọ kan. Nọ́ńbà ibẹ̀ wà bó ṣe wà. Orúkọ ló dín. Ramatou ti di Ramat.

Mo ní kí kọ̀ǹpútà dá ohun tí mo tẹ̀ padà. Àwọn ìlà yòókù padà sí bí wọ́n ṣe wà. Tirẹ̀ kò padà. Mo rò pé ọwọ́ mi ló ṣì. Mo tún tẹ òdo, mo tẹ ọ̀kan. Ó ku Ram.

Agnès ti sún mọ́ mi. Èmi àti òun la jọ lọ gba orúkọ àwọn àgbẹ̀ ní abúlé Kaboua. Àbúrò ìyá rẹ̀ ni Ramatou. Ọyẹ́ ń fẹ́ lára páànù. Mo dá a padà, mo tún tẹ òdo. Ó ku Ra.

Ó di ọwọ́ mi mú.

"Má tẹ̀ ẹ́ mọ́, Landry."

Ó mú fóònù, ó pe Ramatou, ó jẹ́ kí èmi náà máa gbọ́. Ó pẹ́ kí Ramatou tó gbé e. Ó ní òun nìkan ló wà lóko. Ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní ẹnìkan ń pe orúkọ òun láti inú igbó, ó di ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ó sì ń sún mọ́ òun sí i. Òun ti la ẹnu láti jẹ́ ẹ kí fóònù tó dún.

"Ta ni, Ìyá?"

"Ọmọ Sakété tó bá ọ wá lọ́jọ́sí. Ohùn rẹ̀ ni. Ṣé kò sí lọ́dọ̀ rẹ ni?"

Agnès wò mí. Ó ní kí Ramatou máa lọ sílé, kó má wẹ̀yìn, kó má sì pa fóònù. A gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ewé gbígbẹ. Nígbà tó yá, a gbọ́ ẹsẹ̀ mìíràn. Nígbà tí tirẹ̀ dúró, ìyẹn náà dúró.

Ó délé. Mo kọ orúkọ rẹ̀ padà, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Mo tún àwọn méjìlélọ́gọ́ta yòókù ṣe níkọ̀ọ̀kan. N kò fọwọ́ kan nọ́ńbà tirẹ̀, n kò fi 01 sí i. Mo bi àwọn tó mọṣẹ́ jù mí lọ ní Cotonou. Wọ́n ní irú rẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀.

Nítorí náà, ìkìlọ̀ wa kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí iná bá ti ràn ní apá Kaboua, Agnès ló ń fi fóònù ara rẹ̀ pè é. Ramatou máa ń gbé e, ṣùgbọ́n kì í dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó máa ń dákẹ́ ná. Ó ní òun ń fetí sílẹ̀, kí òun lè mọ̀ bóyá inú fóònù ni ohùn náà ti ń wá, àbí ẹ̀yìn òun.